Ẹ̀yin Bọ́ọ̀dù Oníwèé Àṣẹ, Ẹ Wá Gba Tiyín

Kí n tó la ẹnu, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ búra. Èmi kì í ṣe saikọ́lọ́jíìsì. Èmi kì í ṣe tẹ́rápíìsì. Èmi kì í ṣe kọ́ńsẹ́lọ̀ fún tọkọtaya, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu mi kì í gbófo bí tọkọtaya bá ń jà nítòsí. Bí ẹnikẹ́ni bá ka ọ̀rọ̀ yìí tán, tó rẹ́rìn-ín, tí ara rẹ̀ sì fúyẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kó má dárúkọ mi ní Kentucky. Wọ́n á ní mo ti wo èèyàn sàn láìgbàwé àṣẹ.

Ọ̀rọ̀ àwọn bọ́ọ̀dù tó ń fún àwọn olùtọ́jú ọpọlọ àti ọkàn ní láísẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà ni mo gbé dání lónìí. Ìjọba àpapọ̀ wọn kọ́ ló ń ṣe é o. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní bọ́ọ̀dù tirẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ní mẹ́ta, mẹ́rin: ti saikọ́lọ́jíìsì lọ́tọ̀, ti sóṣà wọ́kà lọ́tọ̀, ti kọ́ńsẹ́lọ̀ lọ́tọ̀, ti àwọn tó ń bá tọkọtaya parí ìjà lọ́tọ̀. Connecticut ló kọ́kọ́ ṣòfin láísẹ́ǹsì fún saikọ́lọ́jíìsì, ní 1945. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ kò ṣòroó sọ: ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò mọṣẹ́ fọwọ́ kan orí ọmọ ọlọ́mọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà ọjà, ẹ káàsán o. Ẹ wá sọ ohun tí ẹ ń wò fún wa.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ John Rosemond. Láti 1976 ló ti ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, tó ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn lórí ọmọ títọ́. Ní oṣù kejì 2013, ó dáhùn ìbéèrè àwọn òbí kan tí ọmọkùnrin wọn, ọmọ ọdún 17, kò ṣe dáadáa mọ́ níléèwé. Rosemond ní wọ́n ti kẹ́ ọmọ náà bà jẹ́. Ẹ kó gbogbo ẹ̀rọ tó fi ń ṣeré kúrò ní yàrá rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó wa mọ́tò mọ́, títí ìwà rẹ̀ yóò fi tọ́. Ó tán. Ta ni nínú wa tí ìyá rẹ̀ kò fún nírú ìtọ́jú yìí rí lọ́fẹ̀ẹ́? Tiwa tilẹ̀ máa ń fi ìgbájú ṣe ènì.

Ìwé ìròyìn Lexington Herald-Leader ní Kentucky gbé e jáde. Saikọ́lọ́jíìsì kan tó ti fẹ̀yìntì kà á, inú bí i, ó fẹjọ́ sun bọ́ọ̀dù. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì Amòfin Àgbà ìpínlẹ̀ náà pé Rosemond ń ṣe iṣẹ́ saikọ́lọ́jì ní Kentucky láìní láísẹ́ǹsì Kentucky. North Carolina ni ọkùnrin yìí ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti gbàwé àṣẹ. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ló gun ìwé ìròyìn wọ̀lú, tí kò dúró fi pásípọ́ọ̀tù han àwọn aṣọ́bodè. Wọ́n ní kó tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, kó sì yé pe ara rẹ̀ ní saikọ́lọ́jíìsì ẹbí lábẹ́ àpilẹ̀kọ tó bá máa dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bàbá kọ̀, ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 2015, Adájọ́ Gregory Van Tatenhove dá a láre, ó ní ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni. Bọ́ọ̀dù Kentucky, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún méjì gbáko lẹ fi jẹjọ́ lórí mọ́tò tí wọ́n ní kí ọmọ ọlọ́mọ má wà. Ó wù mí kí ẹ kọjá ládùúgbò wa lọ́jọ́ ìkómọ, kí ẹ gbọ́ bí àwọn ìyá àgbà ṣe ń pín ìmọ̀ràn fún ìyá ọmọ. Ẹ ò bá kó lẹ́tà dání tí yóò kún ọkọ̀ akẹ́rù, kò sì ní káríi wọn.

Texas náà ò gbẹ́yìn. Ní 2010, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Louise Serafine ń du ipò sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ náà, ó sì kọ ọ́ sójú ìkànnì ìpolongo rẹ̀ pé agbẹjọ́rò àti saikọ́lọ́jíìsì lòun. Ó ti kọ́ni ní saikọ́lọ́jì ní yunifásítì rí, ṣùgbọ́n kò ní láísẹ́ǹsì. Bọ́ọ̀dù fọ́n lẹ́tà sí i: yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Ẹ rántí pé ìbò ló ń tọrọ o, kò ní kí ẹnikẹ́ni wá dùbúlẹ̀ sórí àga kó máa ro ẹjọ́ bàbá rẹ̀. Ẹjọ́ náà rìn títí dé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti àpapọ̀, ìyẹn Fifth Circuit, àwọn yẹn sì dá obìnrin náà láre ní 2016. Wọ́n tún wo bí òfin Texas ṣe ṣàpèjúwe iṣẹ́ saikọ́lọ́jì, wọ́n ní ó fẹ̀ débi pé ó lè mú ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, kó sì mú ẹni tó ń kọ́ èèyàn ní gọ́ọ̀fù. Olóṣèlú tí kò purọ́ ju pé ó ka saikọ́lọ́jì lọ, tiwa ìbá fi ṣe àríyá.

Kí ẹ tó ní mo ti gbè sẹ́yìn àwọn aláìníwèé, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ Zoe. Lọ́dún 2002 tàbí nǹkan bẹ́ẹ̀, Zoe gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà pé ó mọ bí a ti ń fi ìtọ́jú amúnisùn wo ọkàn aláìsàn. Ẹgbẹ́ kan tún fún un ní oyè ńlá nínú iṣẹ́ tẹ́rápì. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Zoe D. Katz. Ológbò ni. Saikọ́lọ́jíìsì kan, Steve Eichel, ló ni í, ó fẹ́ fi han ayé bí ìwé ẹ̀rí ṣe rọrùn tó láti rà. Owó ni wọ́n gbà, kò sẹ́ni tó ní kí Zoe wá dáhùn ìbéèrè kan. Ní 2009, BBC dán irú rẹ̀ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ológbò tiwọn tó ń jẹ́ George náà di oníṣègùn amúnisùn tó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́. N kò bá àwọn ológbò náà wí. Ó kéré tán, wọ́n mọ bí a ti ń jókòó jẹ́ẹ́ kí aláìsàn sọ̀rọ̀ tán.

Ẹgbẹ́ aládàáni ló fún Zoe ní tirẹ̀ o, bọ́ọ̀dù ìpínlẹ̀ kọ́. Èyí gan-an ni n kò ṣe ní kí wọ́n tú bọ́ọ̀dù ká. Bọ́ọ̀dù á béèrè máásítà tàbí dókítà, á béèrè ìtẹ̀ka, á béèrè ìdánwò. Saikọ́lọ́jíìsì á jókòó fún èyí tí wọ́n ń pè ní EPPP, ìbéèrè 225, wákàtí mẹ́rin ó lé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá fẹ́ máa tọ́jú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ẹbí ní California gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún wákàtí 3,000 lábẹ́ ọ̀gá, yàtọ̀ sí máásítà. Ológbò wo ló fẹ́ dán ìyẹn wò? Àmọ́ mo mọ ìyá kan tó ti kọjá wákàtí 3,000 tipẹ́, lórí ìgbéyàwó àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ nìkan, láìsí ọ̀gá lókè orí rẹ̀, láìsí ẹni tó pè é.

Bí wọ́n bá sì gba láísẹ́ǹsì tán, ẹ wo oyè. Kọ́ńsẹ́lọ̀ kan náà ni, ìwé kan náà ló kà, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Ní Texas, LPC ni. Kó kó lọ sí New York, ó di LMHC. Kó sọdá sí Illinois, ó di LCPC. Kó sá dé California, ó di LPCC, California yìí ló sì kẹ́yìn gbogbo àádọ́ta ìpínlẹ̀ láti ṣòfin fún irú kọ́ńsẹ́lọ̀ bẹ́ẹ̀, ní 2009. Wọ́n ní àwa Yorùbá fẹ́ràn oyè, pé à ń to Olóyè, Ẹnjinníà, Alhaji sórí orúkọ kan. Ó dáa. Ṣùgbọ́n Ọ̀túnba tó bá kúrò ní Ìjẹ̀bú dé Ìbàdàn, Ọ̀túnba náà ṣì ni.

Àwọn èèyàn wa ní Houston àti Maryland mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa níbẹ̀ ló padà lọ kàwé kún ìwé láti di nọ́ọ̀sì àgbà fún ìtọ́jú ọpọlọ, PMHNP ni wọ́n ń pè é. Ìyá wọn nílé á sì máa sọ fún àwọn aládùúgbò pé nọ́ọ̀sì ni ọmọ òun, á fi mọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà ní wèrè ló ń bá gbé. Bọ́ọ̀dù nọ́ọ̀sì ló ń ṣọ́ wọn, ní Texas wọn kò sì lè kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni àfi bí dókítà bá bá wọn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ìyẹn kéré. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ka ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ nílé, tí bọ́ọ̀dù ní kí iléèwé fi transcript ránṣẹ́ tààrà. Ọ̀gá tó ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ ti lọ síbi òkú. Akọ̀wé ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ó sì mọ̀ pé ọ́fíìsì kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹnikẹ́ni tó bá gba transcript nílé tán tí kò bú èèyàn, tí kò sunkún, mo rò pé kí bọ́ọ̀dù fún un ní láísẹ́ǹsì lójú ẹsẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ pé ju tèmi lọ.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ ààlà. Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Texarkana. Òpópónà State Line ló là á sí méjì: apá kan jẹ́ ti Texas, apá kejì jẹ́ ti Arkansas. Ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn tilẹ̀ jókòó lé orí ààlà gan-an, ẹ̀bá kan níhìn-ín, ẹ̀bá kejì lọ́hùn-ún. Òfin bọ́ọ̀dù sì ni pé ibi tí aláìsàn bá wà nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tẹ́rápíìsì tó ń fi fídíò ṣiṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ béèrè níbi tí aláìsàn wà kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ẹ fojú inú wo kọ́ńsẹ́lọ̀ tó ní láísẹ́ǹsì Texas nìkan, tí oníbàárà rẹ̀ pè é látinú mọ́tò, tó ń sunkún.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Níbo lẹ wà báyìí?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ọkọ mi ni. Mo páàkì síwájú ilé ìtajà kan."

"Ẹ̀gbẹ́ wo lójú títì, mà?"

"Ẹ̀gbẹ́ Arkansas."

"Ẹ gbé ẹkún yẹn mì ná, mà. Ẹ ṣáná sí mọ́tò, ẹ yí padà wá sí Texas. Bí ẹ bá ti páàkì tán, ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti gbá yín létí."

Wọ́n ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò bójú mu. Wọ́n ṣe àdéhùn kan tó ń jẹ́ PSYPACT, kí saikọ́lọ́jíìsì lè fi fídíò tọ́jú èèyàn kọjá ààlà. Arizona ló kọ́kọ́ sọ ọ́ dòfin, ní 2016, àwọn tó ti wọ̀ ọ́ sì ti ju 40 lọ. Saikọ́lọ́jíìsì nìkan ni ìyẹn wà fún. Kọ́ńsẹ́lọ̀ àti sóṣà wọ́kà ní àdéhùn tiwọn lọ́tọ̀. Bọ́ọ̀dù ò ṣáà ní jẹ́ kí àwo méjì kanra nínú agbada kan.

Ẹ wá wo Colorado, ẹ bá mi di ìhà mú. Ó pẹ́ tí ìpínlẹ̀ yìí ti ń jẹ́ kí ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì máa ṣe tẹ́rápì, bó bá ṣáà ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Wọn kò béèrè dìgírì lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2020, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tuntun, wọ́n ní kí àwọn tó ti wà nínú ilé máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Bọ́ọ̀dù tó ń ṣọ́ wọn wá ń jẹ́ State Board of Unlicensed Psychotherapists. Bọ́ọ̀dù ìjọba, tó ní ìwé ìjọba, fún àwọn tí kò ní láísẹ́ǹsì! Ọ̀gá Colorado, n kò ní ẹ̀fẹ̀ kankan láti fi kún tiyín. Ẹ ti ṣe iṣẹ́ mi tán.

Ta ló tilẹ̀ ń jókòó lórí àwọn bọ́ọ̀dù wọ̀nyí? Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àwọn oníṣẹ́ náà fúnra wọn ló pọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú aráàlú díẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn, ẹni tó mọṣẹ́ ló mọ èké iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà kan náà lẹ tún fi ṣe ẹni tó ń sọ ẹni tó lè tà á. Ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú Kóòtù Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ní 2015. Bọ́ọ̀dù àwọn dókítà eyín ní North Carolina ló kọ lẹ́tà pé kí àwọn tó ń fọ eyín èèyàn di funfun nínú ilé ìtajà dáwọ́ dúró. Kóòtù ní bọ́ọ̀dù tó bá kún fún àwọn oníṣòwò iṣẹ́ náà kò lè sá sábẹ́ agbádá ìjọba bí ìjọba fúnra rẹ̀ kò bá mójú tó wọn dáadáa. Eyín ni wọ́n ń sọ, gbogbo bọ́ọ̀dù tó kù ló fọwọ́ bo ẹnu.

Gbogbo ohun tí mo ti ń ṣàwàdà sí yìí, ọ̀rọ̀ orúkọ, ọ̀rọ̀ lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ààlà, ohun tó hàn síta ni. Bọ́ọ̀dù lójú ẹyẹ igún tó bá di pátákó tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ńkọ́, lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn bá tì, tó ku èèyàn méjì?

Bọ́ọ̀dù kì í kan ilẹ̀kùn yẹn. Ó ń dúró de kí ẹnìkan wá fẹjọ́ sùn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àmọ́ ẹ wo ẹni tí ẹ ń retí pé kó sọ̀rọ̀: ẹni tí ìbànújẹ́ gbé lọ síbẹ̀, tó ti tú gbogbo inú rẹ̀ jáde fún ẹni tó wá hùwà àìdáa sí i. Òun lẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ létòlétò, ọjọ́ báyìí, aago báyìí, kó sì tọwọ́ bọ̀wé kí bọ́ọ̀dù lè ka fáìlì àṣírí rẹ̀. Ìwé á ti ọwọ́ olùwádìí bọ́ sí ti agbẹjọ́rò ìjọba, á bọ́ sí ti adájọ́, á padà sọ́dọ̀ bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ ìbáwí ní California, kò ṣọ̀wọ́n láti rí ẹni tó wa mọ́tò lẹ́yìn ọtí. Kò yà mí lẹ́nu. Ìtẹ̀ka wọn ti wà nílẹ̀, bí ọlọ́pàá bá ti mú wọn, ìròyìn á dé bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ọlọ́pàá wà lójú títì. Kò sí ọlọ́pàá nínú yàrá tẹ́rápì.

Ìdájọ́ wọn tún wá ní èdè tirẹ̀. Ẹ ó kà á pé a ti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ lágbájá. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni pé a dá gbígbà náà dúró, kí lágbájá máa ṣiṣẹ́ lọ lábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mélòó kan, kí òun fúnra rẹ̀ sì máa san owó ìṣọ́. A gbà á, a ò gbà á. Bí alákàrà bá bá mi ṣòwò bẹ́ẹ̀, pé òun ti tà á fún mi, òun ò tíì tà á, a ó jọ dé ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà ni.

Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe ìkà, kí n yin ẹni tó yẹ. Ìjọba California tẹ ìwé pélébé kan tó sọ ọ́ gbangba pé ìbálòpọ̀ kò sí nínú tẹ́rápì láéláé. Òfin sì ní kí tẹ́rápíìsì fún oníbàárà ní ìwé yìí bó bá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé tẹ́rápíìsì àtijọ́ bá a lò pọ̀, kó sì bá a jíròrò rẹ̀. Ìwé gidi ni, ó sọ ẹ̀tọ́ oníbàárà àti bó ṣe lè fẹjọ́ sùn. Mo kàn kíyè sí i pé ọwọ́ tẹ́rápíìsì kejì ni òfin ti ní kó gbà á.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo Utah gbẹ̀yìn, níbẹ̀ n kò ní rẹ́rìn-ín. Jodi Hildebrandt jẹ́ kọ́ńsẹ́lọ̀ tó ní láísẹ́ǹsì. Ní 2012, ìpínlẹ̀ fi í sábẹ́ ìṣọ́ nítorí pé ó tú àṣírí oníbàárà rẹ̀ láìgbàṣẹ. Àkókò pé, wọ́n mú ìṣọ́ náà kúrò. Ó ní ilé iṣẹ́ kan, ó ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní life coach, ó ń kọ́ àwọn ẹbí bí wọ́n ṣe lè gbé ayé wọn. Ní 2023, wọ́n mú òun àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Ruby Franke, lórí ìwà ìkà sí àwọn ọmọ Franke. Ó gbà pé òun jẹ̀bi. Ní oṣù kejì 2024, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹrin tí yóò tẹ̀ léra, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ọdún 1 sí 15. Láàárín ìkìlọ̀ 2012 àti ẹ̀wọ̀n yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Franke ní láti gba ojú fèrèsé jáde lọ tọrọ omi àti oúnjẹ lọ́wọ́ aládùúgbò kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Kò sí ìpínlẹ̀ kankan ní Amẹ́ríkà tó ní kí ẹnikẹ́ni gba láísẹ́ǹsì kó tó di life coach. Kò sí wákàtí 3,000, kò sí ìbéèrè 225. Ẹni tí bọ́ọ̀dù bá gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, ó lè já pátákó tẹ́rápíìsì lulẹ̀ kó gbé ti life coach kọ́ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Àga kan náà, tíṣù kan náà lórí tábìlì, owó wákàtí kan náà. Bọ́ọ̀dù á wá, á ya fọ́tò pátákó tuntun, á rí i pé ọ̀rọ̀ tí òfin dáàbò bò kò sí lára rẹ̀ mọ́, á kọ ọ́ sínú fáìlì pé gbogbo nǹkan ti wà létò, á sì kọjá lọ ní tirẹ̀.